Eyín Tí Yóò Ká: Ẹ Má Ṣe Fojú Tín-ínrín Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn òbí, alágbàtọ́ àti olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké)

Bí ọmọ kékeré bá wà nítòsí yín, ẹ pè é mọ́ra, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo gbé wá lónìí: ọ̀rọ̀ eyín ọmọdé, láti ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ yọrí títí di ìgbà tí eyín àgbà yóò fi gba ipò rẹ̀.

Gbólóhùn kan wà tí àwa tí a ń ṣiṣẹ́ níbi ìtọ́jú eyín máa ń gbọ́ ṣáá. Òbí á gbé ọmọ wá, eyín á ti jẹrà dé ìdí. A ó béèrè pé, "Màmá, ìgbà wo lẹ ti rí i?" Wọ́n á ní, "Ó ti pẹ́ díẹ̀, nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n a rò pé kò le tó bẹ́ẹ̀. Ṣebí yóò ká náà ni." Ṣebí yóò ká náà ni! Ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba eyín ọmọ wa jẹ́ ju súwíìtì lọ, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí a ṣe ohun tó yẹ kí a ṣe nígbà tó yẹ. Òun ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí.

Lóòótọ́ ni yóò ká. Ta ló ti gbàgbé bí a ṣe ń ju eyín tó ká sórí òrùlé pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ nígbà èwe, tí a ń wò yíká kí alángbá má lọ rí i, kí eyín tuntun má baà kọ̀ láti hù? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: kí eyín náà tó ká, ọdún mélòó ni yóò lò lẹ́nu?

Ogún ni eyín ọmọdé, 10 lókè, 10 nísàlẹ̀. Inú oyún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Àwọn méjì iwájú nísàlẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, nígbà tí ọmọ bá tó bí oṣù 6. Ti ẹlòmíràn lè yá díẹ̀, ti ẹlòmíràn lè pẹ́ tó ọdún kan, kò sí ìjà níbẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ọdún 3, gbogbo wọn á ti pé. Nígbà tó bá tó bí ọmọ ọdún 6, àwọn ti iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àmọ́ àwọn ti ẹ̀yìn, àwọn ńlá tí ọmọ fi ń lọ ẹran àti ẹ̀pà, kì í ká títí ọmọ yóò fi tó ọdún 10 sí 12. Ẹ rí i pé eyín tó yọ nígbà tí ọmọ wà ní ọdún 2 lè lo ọdún 8 tàbí 9 lẹ́nu rẹ̀. Ọdún 8 tí ọmọ yóò fi jẹun, tí yóò fi kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ iléèwé, tí yóò fi rẹ́rìn-ín láàárín ẹgbẹ́. Ohun tó máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kọjá ohun tí a ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí eyín ọmọdé ń ṣe tí ojú wa kò rí. Òun ló ń di àyè mú fún eyín àgbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú egungun àgbọ̀n. Bí ó bá jẹrà tí a sì yọ ọ́ kí àsìkò rẹ̀ tó tó, àwọn eyín tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fara tì sí ojú ihò náà. Nígbà tí eyín àgbà bá dé, kò ní rí àyè dúró, ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà yọ, tàbí kó gun orí èkejì rẹ̀. Bí a kò bá sì yọ ọ́, tí ọyún gbára jọ sí ìdí rẹ̀, ọyún yẹn lè ba eyín àgbà tó ń dá lọ́wọ́ nísàlẹ̀ jẹ́, kó yọ jáde pẹ̀lú àbààwọ́n. Ẹni tó bá sọ pé eyín ọmọdé yóò ká, ẹ bá mi sọ fún un pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i kì í bá a ká lọ.

Ìrora tiẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tí eyín ń ro kì í sábà mọ bí a ti ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹ ó kàn rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ló fi ń jẹun. Ó ń ta ẹran nù. Ó ń jí sunkún lóru. Tí ó bá dé kíláàsì, ó ń sùn, olùkọ́ á ní olórí kunkun ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kọ ọ́ sínú ìròyìn tó gbé jáde lọ́dún 2022 pé nǹkan bí mílíọ̀nù 514 ọmọdé ló ní eyín ọmọdé tó jẹrà káàkiri àgbáyé. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ la lè dènà nínú ilé wa.

Báwo wá ni eyín ṣe ń jẹrà? Àwọn àgbà máa ń sọ pé kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe kòkòrò olórí àti onírù tí ẹnikẹ́ni lè fi èéfín tàbí àgbo lé jáde láti inú ihò eyín. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni, wọ́n ń gbé inú nǹkan yíyọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara eyín. Ṣúgà tí a bá jẹ ni oúnjẹ tiwọn. Tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì yìí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn èròjà tó mú eyín le kúrò lára rẹ̀. Ọlọ́run ò fi wá sílẹ̀ láìsí ààbò: itọ́ ẹnu wa máa ń fọ ásíìdì náà, ó sì máa ń dá èròjà padà sára eyín. Ṣùgbọ́n ó ń gba itọ́ ní ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó parí iṣẹ́ yìí.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Ẹ wo ọmọ méjì. Èkíní jẹ súwíìtì 5 lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó parí síbẹ̀. Èkejì gba súwíìtì 5, ó ń lá a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣúgà wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n eyín èkejì ni ìyà ń jẹ jù, nítorí kí itọ́ tó bá a tún ti àkọ́kọ́ ṣe, òmíràn ti wọlé. Bí ẹ kò bá rántí ohun mìíràn nínú ètò yìí, ẹ rántí pé iye ìgbà tí ṣúgà kan eyín lóòjọ́ ló ṣe pàtàkì gidigidi, kì í ṣe bí ó ti pọ̀ tó nìkan. Àti pé nígbà tí ọmọ bá ń sùn, itọ́ ẹnu máa ń dín kù púpọ̀. Òru ni eyín kò ní olùgbèjà.

Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ wa, kò tíì pé ọdún 3. Eyín mẹ́rin iwájú lókè ti jẹ tán, ó ku kùkùté aláwọ̀ ilẹ̀ lójú ẹran ìdí eyín. Nígbà tí mo fi ìka gbé ètè ìsàlẹ̀, eyín ìsàlẹ̀ funfun báláú, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹnu yà ìyá rẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ súwíìtì ni, ọmọ náà kì í jẹ súwíìtì rárá. Mo bi í pé, "Kí ló máa ń mu kó tó sùn?" Ó ní tíì oníwàrà ni, nínú ìgò oúnjẹ ọmọ, tó ní ṣúgà díẹ̀, á fi sí i lẹ́nu, ọmọ á máa fà á títí oorun yóò fi gbé e lọ, bó bá tún jí lóru, wọ́n á tún fún un. Ìyá yìí kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ìdájí ló ń lọ sọ́jà, ó fẹ́ kí ọmọ sùn kí òun náà lè rí oorun díẹ̀ sùn. Ìyá rere ni.

Kí ló dáàbò bo eyín ìsàlẹ̀? Nígbà tí ọmọ bá ń fa ìgò, ahọ́n rẹ̀ máa ń na síwájú, á bo eyín ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, itọ́ tó ń sun lábẹ́ ahọ́n á sì máa ṣàn lé wọn lórí. Àwọn ti òkè kò ní ìbòrí. Orí wọn ni tíì oníṣúgà ń dúró sí mọ́jú.

Nítorí èyí, bí ó bá jẹ́ pé ìgò ni ọmọ fi ń sùn, omi lásán ni kó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ máa bu omi lu ohun tó ń mu díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́, títí yóò fi di omi nìkan. Ife àti ṣíbí ló dára jù fún ọmọ tó ti bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, bí ó bá sì ti pé ọdún kan, kí ìgò máa kásẹ̀ nílẹ̀. Ní ti ọmú, ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́, kó sì máa mu ún lọ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn. Ọmú kò báni jà. Ṣùgbọ́n bí eyín bá ti yọ, ẹ rí i pé ẹ fọ̀ ọ́ kí ọmọ tó sùn. Ẹ má ṣe ti ìka tàbí rọ́bà fífà bọ inú oyin fún ọmọ. Oyin náà ṣúgà ni, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án rárá, nítorí àìsàn líle tó lè fà.

Ẹ tún gbọ́ ti ògì. Ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ògì kò mọ ṣúgà, àwa la ń fi mọ̀ ọ́n. Àwa là ń tọ́ ọ wò, tí a sọ pé kò dùn, tí a sì bu ṣúgà lé e. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀, wàrà, ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná tàbí sóyà sí i, ara rẹ̀ á le, eyín rẹ̀ á sì gbádùn. Nígbà tí ẹ bá sì ń tọ́ ọ wò, ẹ fi ṣíbí tiyín tọ́ ọ, kì í ṣe ti ọmọ. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ eyín, láti ẹnu àwa àgbà ló ti sábà ń bọ́ sẹ́nu ọmọ. Ìyá tó bá tọ́jú eyín ara rẹ̀ ti ń tọ́jú ti ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eyín híhù wá kàn, ó sì gba kí a fara balẹ̀. Eyín tó fẹ́ yọ lè mú kí itọ́ máa dà, kí ọmọ máa gé nǹkan jẹ, kí ẹran ìdí eyín rẹ̀ wú díẹ̀, kó máa kún. Ó parí síbẹ̀. Eyín kì í fa ibà líle. Kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Kì í fa gìrì. Ohun tó ń rú wa lójú ni pé oṣù 6 tí eyín ń yọ náà ni ààbò tí ọmọ gbà láti ara ìyá rẹ̀ ń dín kù, ìgbà náà sì ni ọmọ ń rá bàbà, tó ń ki gbogbo nǹkan tó bá rí bọ ẹnu. Àìsàn á wọlé, a ó sì di ẹrù rẹ̀ ru eyín. Ọmọ tí ibà ń ṣe, tí a ní "eyín ló ń hù" fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀mí rẹ̀ ni a fi ń ṣeré. Ara gbígbóná, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ìgbẹ́ gbuuru, ẹ fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pè ní ORS, kí ẹ sì gbé e lọ.

Ilẹ̀ wa ti san gbèsè ńlá lórí oògùn eyín híhù. Lọ́dún 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń pè ní "My Pikin," tí wọ́n ń tà fún ọmọ tó ń hu eyín, ní èròjà májèlé kan nínú, diethylene glycol, èyí tí wọ́n ń lò níléeṣẹ́ tí kì í ṣe ohun mímu ènìyàn. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìtọ̀ wọn dá. Ọmọ 84 ni ó kú ní Nàìjíríà. Àwọn òbí wọn kò ṣe ibi kankan, ìrọ̀rùn ni wọ́n ń wá fún ọmọ wọn. Mo mú un wá sí ìrántí nítorí pé àwọn kan ṣì ń ra oògùn eyín kiri lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé e dé. Eyín híhù kì í ṣe àìsàn, kò sì nílò oògùn tirẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ fi ìka rọra ra ẹran ìdí eyín rẹ̀. Ẹ fi omi tútù tó mọ́ rin aṣọ rírọ̀, kó máa gé e jẹ. Ìyẹn tó.

Bí ó bá sì jẹ́ pé eyín òkè ló kọ́kọ́ yọ, kì í ṣe èèmọ̀. Bí a bá bí ọmọ pẹ̀lú eyín lẹ́nu, kì í ṣe èèmọ̀. Ẹ gbé e lọ fún dókítà eyín kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń mì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa á tu nílé.

Ó wá kan fífọ̀. Kí eyín tó yọ, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sómi nu ẹnu ọmọ lálẹ́. Ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ bá yọ ni búrọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀. Kí orí búrọ́ọ̀ṣì kéré, kí irun rẹ̀ rọ̀. Ẹ lo ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì, èròjà tó ń bá itọ́ ṣiṣẹ́ láti mú eyín le padà. Ẹ wo ara páálí rẹ̀, kó tó 1,000 ppm ó kéré tán. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ kún orí búrọ́ọ̀ṣì bí ẹ ti ń rí i nínú ìpolówó ọjà. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ti tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Láti ọdún 3 sí 6, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré kan.

Ìjókòó rẹ̀ náà ní ọgbọ́n nínú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó sáàárín ẹsẹ̀ yín, kó fẹ̀yìn tì yín, kó gbé orí lé yín láyà tàbí lé itan bí ẹni tí ẹ fẹ́ dirun fún. Ẹ ó rí inú ẹnu rẹ̀ kedere. Ẹ fi ìka ọwọ́ òsì gbé ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún fọ̀ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, nítorí iwájú ni ọmọdé máa ń mọ̀ fọ̀ tó bá ń dá a ṣe. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì yí kékeré-kékeré níbi tí eyín àti ẹran ìdí rẹ̀ ti pàdé, lóde, nínú, àti lójú ibi tó fi ń jẹun. Kó tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹ kọ́ ọ kó tu ìfófòó rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n kó má fi ife omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀, kí fúlóráìdì lè dúró lára eyín. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Òkùnkùn kì í ṣe ìdí tí a ó fi fò ó.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni, àárọ̀ àti alẹ́. Ti alẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin. Àwa Yorùbá mọ fífọ eyín láàárọ̀ bí ẹni mọ owó, nítorí a kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ òórùn ẹnu wa. Ti alẹ́ la kò kà sí. Bẹ́ẹ̀ òru ni ìparun ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn fífọ̀ alẹ́, omi nìkan ni kó wọ ẹnu ọmọ. Bí ó bá ní oògùn olómi láti lò, ẹ fún un kí ẹ tó fọ eyín, nítorí ṣúgà pọ̀ nínú àwọn oògùn náà.

Ìgbà wo ni ọmọ yóò máa dá a fọ̀? Kó tó ọdún 7 tàbí 8. Ọwọ́ ọmọ ọdún 4 kò tíì gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ kó lè mọ́ ọn lára, lẹ́yìn náà kí àgbàlagbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó parí rẹ̀. Kí búrọ́ọ̀ṣì oníkálukú dá dúró, ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ẹlòmíràn á bèèrè pé, pákó ńkọ́? Kò sẹ́ni tó máa tàbùkù pákó. Orín ata, orín àyìn, pákó Ìjẹ̀bú, àwọn baba wa fi wọ́n tọ́jú ẹnu dọjọ́ ogbó, àwọn onímọ̀ náà sì ti yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n rí i pé omi inú wọn ń dí kòkòrò àìfojúrí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó le fún ẹran ìdí eyín ọmọ kékeré, ó ṣòro kó dé kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, kò sì lè dípò fúlóráìdì. Ọmọ tó ti tójú bọ́ lè bá bàbá rẹ̀ run orín láàárọ̀. Ní alẹ́, búrọ́ọ̀ṣì ni. Èédú àti iyọ̀ oníhóró, ẹ má fi fọ eyín ọmọ, ara eyín ni wọ́n ń họ.

Ẹ jẹ́ ká yára wo oúnjẹ. Kí ọmọ jẹun lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì ní ìpápánu ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, láàárín wọn kó máa mu omi. Ìpápánu tó dára wà lọ́dọ̀ wa yamùrá: ẹ̀pà tí a lọ̀ tàbí tí a fọ́ fún àwọn tó ṣì kéré, ẹyin sísè, wàrà, mọ́ínmọ́ín, kùkúńbà, ìbẹ́pẹ, ọsàn tí a jẹ pẹ̀lú ẹran inú rẹ̀. Súwíìtì, bàbá dúdú, bisikíìtì oníṣúgà, kò di èèwọ̀, ẹ fi wọ́n sí ẹ̀yìn oúnjẹ, kí wọ́n má jẹ́ ohun tí ọmọ ń jẹ kiri. Ní ti mínírà àti omi èso inú páálí, ẹ kọ́ bí a ti ń ka ara wọn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ṣúgà sí, kí ẹ fi 4 pín iye gírámù tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 28, ṣíbí tíì 7 nìyẹn. Ẹ ò ní bu ṣíbí 7 sínú ife omi fún ọmọ yín kí ẹ ní kó máa mu ún. Ìjọba àpapọ̀ fi òfin ìnáwó ọdún 2021 gbé owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan irú ohun mímu bẹ́ẹ̀, ìlera ará ìlú sì wà lára ìdí rẹ̀. Ilé ni òfin tó lágbára jù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín. Ọmọ tó bá gba máàkì, ẹ fún un ní pẹ́ńsùlù tàbí ìwé, ẹ má fún un ní súwíìtì. Ẹ̀yin òbí tó ń ṣọjọ́ ìbí fún ọmọ níléèwé, àpò tí ẹ ń dì fún ọgbọ̀n ọmọ náà, ẹ dín súwíìtì inú rẹ̀ kù.

Eyín kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí dá mọ̀. Bí ọmọ bá pé ọdún 6, eyín àgbà ńlá kan máa ń yọ lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé, lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀, mẹ́rin lápapọ̀. Eyín kankan kì í ká kó tó yọ, ìdí rèé tí àwọn òbí fi ń rò pé eyín ọmọdé ni, tí wọ́n á tún ní "ṣebí yóò ká." Kò ní ká mọ́ láéláé. Ojú rẹ̀ ní kòtò wẹ́wẹ́ tí oúnjẹ ń há sí. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì wá a kàn, kí ẹ sì bi dókítà eyín léèrè bóyá ó lè fi nǹkan dí àwọn kòtò náà kí ìjẹrà tó ráyè.

Ẹ máa yẹ ẹnu ọmọ yín wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ gbé ètè òkè sókè. Bí ẹ bá rí ìlà funfun bíi ẹfun nítòsí ẹran ìdí eyín, ìjẹrà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò tíì di ihò, fúlóráìdì àti ìmọ́tótó ṣì lè dá a padà. Bí ó bá ti di pupa rúsúrúsú tàbí dúdú, ẹ má fi falẹ̀. Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Bí eewo bá yọ lára ẹran ìdí eyín, tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú tí ara sì gbóná, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má ṣe da omi bátìrì, epo bẹntiróòlù tàbí ògógóró sínú ihò eyín, mo ti rí ẹnu tí wọ́n jó. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti gbẹ, pàápàá lẹ́yìn àrùn tí wọ́n ń pè ní èéyi, tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ tó sì ń rùn, kò gbọdọ̀ sùn sílé: ó lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àrùn noma, èyí tó máa ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni WHO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn àrùn tí a ti pa tì, Nàìjíríà ló sì ṣíwájú ẹ̀bẹ̀ náà. Tí a bá tètè bá a, oògùn ń ràn án.

Bí ọmọ bá ṣubú tí eyín àgbà rẹ̀ sì tu, ẹ wá a rí. Ẹ di orí eyín náà mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Bí ó bá dọ̀tí, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án wéré, ẹ dá a padà sójú ihò rẹ̀, tàbí kí ẹ jù ú sínú wàrà olómi tútù, kí ẹ sì sáré lọ bá dókítà eyín kí wákàtí kan tó kọjá. Eyín ọmọdé ni a kì í dá padà.

Dókítà eyín yìí náà, kí ọmọ mọ̀ ọ́n kí eyín tó ro ó. Ìgbà tí ọmọ bá fi máa pé ọdún kan ló yẹ kó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Àwọn ọsibítù ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, OAUTHC n'Ilé-Ifẹ̀, gbogbo wọn ló ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú eyín ọmọdé, ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ní oníṣègùn eyín. Ìbẹ̀wò kò wọ́n tó ìtọ́jú. Dídí ihò kékeré kò náni tó ti ńlá. Ẹ má sì fi wá dẹ́rù ba ọmọ pé "Màá pe nọ́ọ̀sì kó fún ọ lábẹ́rẹ́ lẹ́nu," nítorí ọjọ́ tí a bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, kò ní ya ẹnu.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní ń gbà. Ẹ̀yin òbí, mo ní ìrètí nínú yín, nítorí ohun tí mo ń béèrè kì í ṣe ohun olówó ńlá. Alẹ́ òní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ tó sùn, ẹ jókòó, ẹ fà á sáàárín ẹsẹ̀, ẹ gbé ètè rẹ̀ wò, kí ẹ fọ eyín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, omi nìkan. Bí ẹ bá ṣe é lálẹ́ ọ̀la àti lọ́túnla, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé búrọ́ọ̀ṣì wá bá yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún sọ létí yín pé "ṣebí yóò ká," ẹ dá a lóhùn pé: "Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n a fẹ́ kó ká nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó, láìjẹ ọmọ wa níyà."